Ọ̀rẹ́ Àdùn Tí Kò Lórúkọ

Lọ́dún tí mò ń rántí yìí, ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo àgbàlá wa ní Ìkòsí gbà tọ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fojú kàn rí. Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀. A máa ń gbàdúrà fún un. A máa ń bá a wá ọkọ, a sì máa ń bá a lé ọkọ tí kò bá dáa. Nígbà tí ibà dá a wó, Ìyá Ìbejì aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní kí wọ́n se ewé dóńgóyárò fún un, kí wọ́n má sì jẹ́ kó sùn sójú afẹ́fẹ́. Inú ìwé ìròyìn ni Fọlákẹ́ ń gbé. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ẹbí wa kan ni, torí bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí kànga nígbà náà, ẹ ó fi aṣọ ọdún ránṣẹ́ sí i.

Ilé wa kò jìnnà sí ọjà Mile 12, nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò aago láti jí. Kí ojú ọjọ́ tó là ni àwọn àjàgbé tó ń kó tòmátì àti àlùbọ́sà bọ̀ láti Òkè Ọya ti ń fọn fèrè, tí àwọn alábàárù sì ń kígbe kí ọ̀nà là fún wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ọ̀hún, òórùn tòmátì tó ti rọ̀ á bá wa nídìí ẹ̀kọ àárọ̀, á wá dà bíi pé ọbẹ̀ la bù sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni okùn kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í han, ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá Ìbejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, rédíò Dádì á tẹ̀lé e, Ìyá Àgbà á sì húkọ́. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Dádì. Ìsẹ́yìn ló ti wá bá wa gbé, ikọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe àìsàn. Ó ní èyí tó fi ń kìlọ̀ fún ọmọ tó bá ń na ọwọ́ sí ìkòkò ẹran, ó ní èyí tó fi ń sọ fún Mọ́mì pé ọbẹ̀ ti fẹ́ jóná, ó sì ní èyí tó gùn, tó ń dún bí ẹni ń fa aṣọ ya, tó fi ń lé àlejò tó bá ti pẹ́ jù. Àlejò tó bá gbọ́ ikọ́ yẹn kì í tún béèrè omi.

Àǹtí ni àbúrò Dádì, àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sì ti gbà á wọlé, àmọ́ Dádì ní kó ṣe sùúrù ná, kó bá wọn mójú tó ilé, torí iṣẹ́ báńkì ni Mọ́mì ń ṣe, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé. Sùúrù náà ló wá di iṣẹ́. Àǹtí ló ń mú wa lọ sílé ìwé, òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, òun náà ló ń lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe jà. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pe Àǹtí nílé wa, iṣẹ́ ni wọ́n ń pè. Kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwa ọmọ ń pè é ní Àǹtí. Àwọn ayálégbé ń pè é ní Àǹtí Títí, torí èmi ni Títí. Ìyá Àgbà ń fi oríkì pè é, Àṣàkẹ́. Ní ti Mọ́mì, kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ rárá, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ ẹ̀yẹ kan fún un. Awẹ́lẹ́wà ni Mọ́mì sọ Àǹtí. Bí Mọ́mì sì ṣe jù ú lọ tó yẹn, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ níṣojú Ìyá Àgbà. "Awẹ́lẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ abọ́ yẹn." Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, abọ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà sọ fún mi pé Àǹtí yìí gan-an ló fẹ́ Mọ́mì fún Dádì. Ọmọ kékeré ni nígbà náà ní Ìsẹ́yìn, òun ni wọ́n ń fi ìwé ìfẹ́ rán láti ilé kan sí ìkejì, tó sì ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. "Alárinà ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Tí ọkọ àtìyàwó bá sì ti mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò yóò rọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún.

Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á rán mi lọ sí ìdíkọ̀ Kétu láti ra ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń gbé ìtàn ìfẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ti dé, gbogbo àgbàlá á kóra jọ sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà á gbé ẹ̀wà rẹ̀ wá, ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí á gbé ti ẹ̀ wá. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí, Àǹtí á jókòó sẹ́bàá kànga, á sì máa kà á fún wa, torí Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, Ìyá Ìbejì ní ojú òun kò gbé e, àwa tó mọ̀ ọ́n kà sì fẹ́ràn kí wọ́n kà á fún wa. Àdùn àti Káyọ̀dé ló ni ìtàn náà. Àdùn lẹ́wà, bàbá rẹ̀ lówó. Káyọ̀dé jẹ́ dókítà, ó ga, ó pupa, ó ní mọ́tò. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe kò ju pé kí wọ́n máa wo ara wọn. Wọ́n lè wo ara wọn títí tí ojú ìwé kan á fi tán.

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó rí tiwọn rò. "Ó ti lẹ́wà, ó ti lówó, ó ti rí ọkọ," ni Ìyá Ìbejì máa ń wí, "kí ló tún fẹ́ ká ṣe fún un?" Òun ní tirẹ̀, ìyá Káyọ̀dé ló ń gbè lẹ́yìn, ìyá ọkọ burúkú tí kì í jẹ́ kí Àdùn mí. Ó ní ọkùnrin ni àwọn ìbejì òun, ẹ̀yìn ọ̀la lòun ń wò. Èmi, ajá ẹnu ọ̀nà ilé bàbá Àdùn ni mo yàn, torí òun nìkan ló máa ń gbó bí Káyọ̀dé bá ń purọ́. Bàbá Ráúfù tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa àjàgbé tòmátì kí ẹsẹ̀ tó dá a jókòó, ti awakọ̀ Káyọ̀dé ló sì ń dùn ún. Awakọ̀ náà kì í sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, ó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò ni. Bí Àǹtí bá ń kà á pé Àdùn àti Káyọ̀dé wọ hòtẹ́ẹ̀lì, pé wọ́n gbé ìrẹsì àti adìyẹ wá, pé fìtílà ń tàn lójú Àdùn, Bàbá Ráúfù á gbé ọwọ́ sókè.

"Awakọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nínú mọ́tò, sà," ni Àǹtí á dáhùn.

"Ó ti wà nínú mọ́tò láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ṣé ó ti jẹun?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun kò ní rín. Lónìí tí àwọn ọmọ tèmi ń ka ìtàn ìfẹ́ lórí fóònù, tí wọ́n ń bá àwọn tí wọn kò mọ̀ rí jà lórí ọ̀rẹ́ ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí wọ́n ń kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé fi ìyà jẹ ẹni báyìí, wọ́n rò pé àwọn ló dá a sílẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo mọ bàbá kan tí oorun kò kùn rí nítorí awakọ̀ tí kò tíì jẹun. Wọ́n á ní, Mọ́mì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ Fọlákẹ́ ló borí gbogbo wọn. Ọ̀rẹ́ Àdùn ni. Nígbà tí ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣí ilẹ̀kùn kó ní Àdùn ti jáde. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ó máa ń já àkàrà jẹ kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Àdùn, ó sì máa ń sín Káyọ̀dé jẹ bó ṣe ń rìn. Òun ló ń gbé iṣẹ́ ìfẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, bí wọ́n bá jà, òun ni wọ́n jọ ń bínú sí. Ó fẹ́ lọ sílé ìwé gíga, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin àgbàlá wa fẹ́ ẹ bí ẹyin ojú. Bí ti Àdùn bá ti ń pẹ́ jù, Ìyá Ìbejì á ní, "Àǹtí Títí, ẹ fo ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn yẹn, ẹ bá wa wá Fọlákẹ́." Mọ́mì nìkan ló máa ń bínú. Á na irun rẹ̀ tó dì mọ́ rólà jáde lójú fèrèsé, á ní, "Ta ló ni ìtàn yìí gan-an?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà Ìkòsí bí mo ṣe ń ti Kétu bọ̀. Mo fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan, mo sì ṣí ìwé ìròyìn náà láti mọ bí ara Fọlákẹ́ ṣe rí, torí ibà la fi í sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wá a, mi ò rí i. Mo rí Àdùn, mo rí Káyọ̀dé, wọ́n ń wo ara wọn. Mo padà nínú òjò sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ta ìwé fún mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ìwé Fọlákẹ́ ti já nínú tèmi." Ó ṣí òmíràn, ó tún ṣí òmíràn. Ó ní, "Ta ni Fọlákẹ́?" Ẹnu yà mí pé èèyàn lè máa ta ìwé kó má mọ Fọlákẹ́. Mo tún un kà látòkè délẹ̀, mo sì rí ìlà kan péré nísàlẹ̀: ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó parí. Wọn kò tilẹ̀ fún un lórúkọ.

Mo délé pẹ̀lú aṣọ tútù, Àǹtí gba ìwé, ó jókòó, ó kà á fún wa bí ara Fọlákẹ́ ṣe yá, bó ṣe dìde tó ní òun fẹ́ jẹ mọ́ínmọ́ín, bí ìyá Káyọ̀dé ṣe wá kí i tó sì jẹ mọ́ínmọ́ín náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń patẹ́wọ́. Mo wo ẹnu Àǹtí, mo wo ìwé, mi ò sọ nǹkan kan. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Mo fẹ́ mọ ohun tó kàn ni.

Ohun tó kàn ni ọkọ. Mọ́mì ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní ẹ́sítéètì ní Mende, Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí, tó ń wá ìyàwó tí kò ní wàhálà. Ó yà nílé wa lọ́jọ́ kan, Mọ́mì ní kí Awẹ́lẹ́wà gbé omi wá, Àǹtí gbé omi wá, ọkùnrin náà mu omi, ó ní ó ti tẹ́ òun lọ́rùn. Mi ò mọ̀ bóyá omi ló ń sọ. Àwọn nǹkan míì tó sọ, Mọ́mì ló gbé e dé etí Àǹtí nílé ìdáná. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan dédé yọ nínú ìtàn tó ní òun fẹ́ fẹ́ Fọlákẹ́. Kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Àdùn ló ń pè é. Ó ní òun fẹ́ràn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, pé ilé ìwé tó fẹ́ lọ yẹn, kò nílò rẹ̀ mọ́, òun á máa tọ́jú rẹ̀.

Inú bí gbogbo àgbàlá. Ìyá Ìbejì ní bí òun bá rí ọkùnrin náà, abẹ́rẹ́ lòun máa fi gún un. Ṣùgbọ́n Dádì ló dá ẹjọ́ náà. Dádì kì í gbọ́ ìtàn o, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Rédíò ló ń gbọ́ lójú fèrèsé, àmọ́ bó bá ti tó àsìkò ìwé kíkà, á yí rédíò wálẹ̀, á ní kí bátìrì má baà tán. Iná ni rédíò náà ń lò. Lọ́jọ́ náà, ó yọ orí síta. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn lọ sílé ìwé ẹ̀ jàre," ó ní. "Ọkọ ò lè sá lọ. Irú ọkùnrin wo ni ò mọ orúkọ ẹni tó fẹ́ fẹ́?" Wọ́n kan sáárá sí i. Bàbá Ráúfù ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ, ó ń wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lójú fèrèsé, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ obìnrin nídìí kànga.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo bá Àǹtí níbi tó ti ń fa omi. Mo bi í léèrè bóyá Fọlákẹ́ á fẹ́ ọkùnrin náà. Ó di okùn mú, garawa dúró láàárín kànga. "Títí, Sunday yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ mi," ó ní. "Ilé ìwé sì ti fẹ́ wọlé. Tí Bọ̀dá mi bá fọwọ́ sí i, ó ti tán nìyẹn, mi ò lọ mọ́." Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó fa omi rẹ̀ jáde. Ìgbà náà ló tó yé mi pé kì í ṣe Fọlákẹ́ la ń tọ́ láti ọjọ́ yìí. Ọmọdé ni mí, ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ̀ pé nínú ilé wa, wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé omi wá.

Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí dé lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyẹn ọ̀rẹ́ Mọ́mì. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ èso wá. Dádì àti Ìyá Àgbà jókòó nínú pálọ̀, wọ́n pe Bàbá Ráúfù nítorí ó jẹ́ àgbà ilé. Ìyá Ìbejì wá gba áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbà á, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó jókòó. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo ife lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkíni, ọkùnrin náà tún táì rẹ̀ ṣe.

"Actually, mi ò fẹ́ gba time yín, mà," ó sọ fún Ìyá Àgbà. "Ẹni tí mo wá torí ẹ̀ ni Miss Awẹ́lẹ́wà."

Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mọ́mì gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ọmọ ẹ́sítéètì ni àlejò wa, ibi tí Mọ́mì ti pe Àǹtí ló ti gbọ́ ọ, kò mọ̀ pé ìyàwó ilé nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ta lo pè?" ni Ìyá Àgbà wí.

"Awẹ́lẹ́wà, mà."

"Háà. Ìyàwó wa, káàbọ̀."

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó rò pé wọ́n ti gbà fún òun ni. "Ẹ ṣé gan-an, mà," ó ní, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Àgbà kọjú sí Dádì. "Bàbá Títí, o fẹ́ ìyàwó kejì, o ò sọ fún mi. Ìyá Títí, o ti di ìyálé o. Ìyàwó kékeré dé." Ó tún yíjú sí àlejò, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ìyàwó, garawa wà lẹ́nu kànga. Bá wa fa omi díẹ̀ kó o tó jókòó."

Mo fi Ọlọ́run búra, ọkùnrin náà dìde díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn tó jókòó padà, tó sì sọ ọ́ sí i létí pé ìyàwó ló ń fi orúkọ yẹn pe ọmọ ọkọ.

"Ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí. "Tí o kì í bá ṣe ìyàwó, kí lorúkọ ọmọ mi?"

Ó wo Mọ́mì pé kó gba òun. Ojú wá kán Mọ́mì, torí ì báà jẹ́ pé ó máa kú, kò gbọdọ̀ dárúkọ yẹn níwájú ìyá ọkọ. Ó ń yí ẹnu, ó ń fi ojú ṣe é, ó ń fi ìka kọ ọ́ sí itan, ọkùnrin náà ń wò ó bí ẹni ń wo odi.

"Name kọ́ ni issue, mà," ó sọ níkẹyìn. "Mo ti rí i pé quiet girl ni. Mo like ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ilé ìwé tí wọ́n ní ó fẹ́ lọ yẹn sef, kò need ẹ̀ mọ́, màá máa tọ́jú ẹ̀."

"Ó ti sọ ọ́," ni Ìyá Ìbejì wí, ó sì gbá áyọ́ọ̀nù mọ́ra. "Bí wọ́n ṣe kà á gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́."

Bàbá Ráúfù tẹ ara síwájú. "Ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ wa mọ́tò wá?"

"Rárá, sà. Mo ní driver."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà níta, sà. Nínú mọ́tò."

"Ṣé ó ti jẹun?"

Bàbá Ráúfù dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún wọ ilé ìdáná, ó jáde pẹ̀lú àwo ìrẹsì tó yẹ kí wọ́n gbé fún àlejò, ó sì kọjá lọ síta.

Ìyá Àgbà kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá Títí, Sátidé tó kọjá, kí lo wí nípa ti Fọlákẹ́?"

"Màmá, inú ìwé nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé inú ìwé ni. Kí lo wí?"

Dádì wo rédíò rẹ̀ bíi pé ó lè bá a dáhùn. "Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ sílé ìwé," ó wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

"Fọlákẹ́ tí o ò mọ ìyá rẹ̀. Èyí tí mo bí lé ẹ ńkọ́?"

Dádì yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì ṣe ohun tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe rí nínú ilé yẹn. "Mọ́rẹ́nikẹ́," ó pè é. Ó rí bíi pé àlejò mìíràn ló wọlé. "Ṣé o fẹ́ wọn?"

Àǹtí gbé àwo ife náà kalẹ̀. "Rárá, Bọ̀dá mi," ó ní. "Ẹ má bínú, mà, ẹ má bínú, sà. Ilé ìwé ni mo fẹ́."

Ìyá Àgbà húkọ́ èyí tó gùn. Ọmọ ẹ́sítéètì ni Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn yé e. Mọ́mì bínú fún ọjọ́ mélòó kan, ó ní wọ́n dójú ti òun lójú ọ̀rẹ́ òun. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra àpótí onírin tí Àǹtí máa gbé lọ sílé ìwé, ó sì gbé e wá bá a nínú yàrá. Ó ní, "Awẹ́lẹ́wà, ẹ̀yin lẹ fẹ́ mi wọ ilé yìí, mi ò gbàgbé." Mo rò pé òótọ́ ló ń sọ. Mo tún rò pé ó ti gbàgbé díẹ̀.

Èmi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń jẹ obì, mo sọ fún un pé mo ti yẹ ìwé wò, kò sí Fọlákẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀, ẹ ò kàwé. "Tó bá ń ka ti Àdùn, ojú ẹ̀ máa ń rìn," ó ní. "Tó bá kan Fọlákẹ́, igi ìbẹ́pẹ ló máa ń wò. Ṣé ara igi ìbẹ́pẹ ni wọ́n ń tẹ̀wé sí ni?" Ó ju obì sẹ́nu, ó ní kí n lọ gbé omi wá fún òun.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí Àǹtí máa lọ ni ìtàn Àdùn parí. Gbogbo wa pé sábẹ́ igi, Dádì yí rédíò rẹ̀ wálẹ̀. Àǹtí kà á, mo sì ń wo ojú rẹ̀, ó ń rìn láti òsì sí ọ̀tún. Àdùn wọ aṣọ funfun. Káyọ̀dé wò ó. Àdùn náà wò ó. Àlùfáà so wọ́n pọ̀, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n sì ń wo ara wọn lọ. Àǹtí pa ìwé dé. "Ó parí," ó ní.

"Kí ló parí?" ni Ìyá Ìbejì wí. "Fọlákẹ́ ńkọ́?"

Àǹtí tún ìwé ṣí, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó rẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ ti wà lára àpótí rẹ̀. "Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́," ó ní. "Ìwé ti tán."

"Àṣàkẹ́," ni Ìyá Àgbà pè.

"Mà."

"Mo mọ̀ pé ìwé ti tán. Máa kà á lọ."

Àǹtí wo ìyá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè sára igi ìbẹ́pẹ, ìwé náà ṣí lórí itan rẹ̀, ó sì ń kà. Ó ní wọ́n dé ibi àsè ìgbéyàwó, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Ó ní Fọlákẹ́ ti gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ilé ìwé ló ń lọ, àmọ́ kó tó lọ, ó bu ìrẹsì kún àwo, ó jáde síta, ó sì kan fèrèsé mọ́tò. Ó ní, "Bọ̀dá awakọ̀, ẹ wá jẹun. Ẹ má bínú pé mi ò tíì béèrè látọjọ́ yìí. Kí lorúkọ yín?"

Bàbá Ráúfù, tí àwa ọmọ ilé náà kò mọ orúkọ mìíràn fún, tún fìlà rẹ̀ ṣe níbi tó jókòó sí.

"Lásísì," ó ní. "Lásísì lorúkọ mi. Ṣé ẹran wà níbẹ̀?"